Ìdí Tí A Fi Gbé Owó Aṣọ Lọ Sórí IT Àwọn Ọmọ Wa

  

Láti ọjọ́ Àìkú tí a ti parí ìpàdé ni a ti ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹlòmíì ní a ti sọ ẹgbẹ́ di ilé ìwé. Ẹlòmíì ní àwọn àgbà kan jókòó sí kọ̀rọ̀, wọ́n pín owó aṣọ láàárín ara wọn. Ẹnì kan tiẹ̀ bèèrè pé ṣé a fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ yòókù máa fi wá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ọdún wa ni, tí a bá tún wọ aṣọ èṣí jáde. Ó dáa. A ò bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí ní ìpàdé ò lè mọ bó ṣe jẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ kó yé tọmọdé tàgbà.

Ohun tí a ṣe ò ju báyìí lọ. Ankara ọdún ẹgbẹ́ tí a ti fẹ́ rà ní 18,000 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ní ká fi sílẹ̀ lọ́dún yìí. Kí kálukú mú 5,000 wá, kó fi 13,000 tó kù sápò ara rẹ̀. 5,000 yẹn ni a fẹ́ fi ran àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì àti poli lọ́wọ́, kí wọ́n lè lọ ṣe IT wọn níbi tó dáa. Ẹni tó ń ta ankara láàárín wa bínú gidi gan-an, a ò sì dá a lẹ́bi, torí ó ti lọ bá wọn yan aṣọ náà ní Kano. Àmọ́ òun náà ti san 5,000 tirẹ̀. Ẹ kí i fún wa.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ ohun tó ń jẹ́ IT, torí nígbà tiwa, ìwé mẹ́wàá ni a kà tí a fi bọ́ sí ọjà. Ọmọ tó ń kọ́ ẹnjinníà, iṣẹ́ àgbẹ̀, sáyẹ́ǹsì àti irú wọn bẹ́ẹ̀, kò lè gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó jáde ní kíláàsì lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ gidi. Oṣù mẹ́fà ni fún ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì, oṣù mẹ́rin ni fún ọmọ poli. Wọ́n á fún un ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní logbook. Ohun tó bá ṣe lójúmọ́ ló máa kọ sínú rẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á máa fọwọ́ sí i, olùkọ́ láti ilé ìwé náà á wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ibi tí yóò ti ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ló máa wá a. Lẹ́tà lásán ni ilé ìwé á fún un, á wá máa gbé e kiri láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn bí ẹni ń kiri búrẹ́dì.

Nǹkan yìí ò jìnnà sí wa o. ITF tó ń bójú tó o, Jos níbí ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá láìmọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọdún 1971 ni ìjọba ológun dá ITF sílẹ̀. Nígbà tó di 1973 ni ITF bẹ̀rẹ̀ ètò IT tí wọ́n ń pè ní SIWES, torí àwọn ilé iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì mọ ìwé, wọn ò mọ iṣẹ́. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí owó rẹ̀ fi wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ITF yọwọ́, ètò náà bọ́ sọ́wọ́ NUC àti NBTE. Nígbà tó di 1985 ó ti padà sọ́wọ́ ITF, ìjọba àpapọ̀ ló wá ń gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ wò ó, láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni owó ti jẹ́ wàhálà rẹ̀.

Iye tí àwọn ọmọ fi mọ owó IT láti ọdún pípẹ́ ni 2,500 náírà lóṣù fún ọmọ yunifásítì. Oṣù mẹ́fà, 15,000. Nígbà tí wọ́n là á sílẹ̀, ó lè jẹ́ owó. Ní báyìí ńkọ́? Ọmọ tó bá ń ti Terminus lọ sí Bukuru lójoojúmọ́, ká ní 1,000 náírà péré ló ń ná lọ-bọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù ti di 22,000. A ò tíì dárúkọ oúnjẹ. A ò tíì dárúkọ bàtà onírin tí wọ́n ní kó wọ̀ kó tó lè wọ ibi ẹ̀rọ, àti aṣọ iṣẹ́, àti fáìlì, àti owó tí yóò fi pe olùkọ́ rẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi tí mo wà rèé. Ilé iṣẹ́ díẹ̀ ló ń fún wọn ní nǹkan. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ ní kí ọmọ máa fi owó ara rẹ̀ ra tíì fún ọ̀gá.

Òfin ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè máa yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san lọ́dún fún ITF. Àwa tí ọmọọṣẹ́ wa ò ju méjì lọ, tí ọjà wa lọ́dún ò sì sún mọ́ 50 mílíọ̀nù, òfin yẹn ò mú wa. Ìjọba ò bi wá. Àwa la ní ká bi ara wa.

Torí pé ta ló yẹ kó mọ̀ pé owó ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ bí kò ṣe àwa? Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà mọ̀ pé òun máa san owó ìkọ́ṣẹ́, òun máa kọ̀wé àdéhùn, òun máa ra òòlù, ayùn, ìfági àti téèpù fún un, òun máa fún un lówó oúnjẹ ọ̀sán, bó bá sì di ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù, òun máa gbé ìrẹsì àti mínírà jáde. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ìjọba ra ayùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti wọ yunifásítì báyìí, àwọn òbí mìíràn á ní àwọn ti san owó ilé ìwé, ó ti parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ kan náà ni. Ayùn tirẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin tó ti pẹ́ ní Jos, ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2002 nígbà tí ọjà ńlá Terminus jóná. Ẹ rántí bí àwọn èèyàn wa ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń wo èéfín. Àwọn wo ló kọ́kọ́ dìde? Àwọn télọ̀, àwọn atúnrédíòṣe, àwọn jórinjórin. Àwa tí ọjà wa jẹ́ ohun tí a kó wá láti Èkó, ọdún mélòó ni a fi ń san gbèsè? A ò sọ pé kí ọmọ má ṣòwò o. Òwò la fi tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní nǹkan lọ́wọ́, iná ò lè jó o tán.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tó yí ìpàdé yẹn padà, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Alága ló yí i padà.

Ìyá aláta kan wà láàárín wa. A ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ̀yin tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń kọ́ ẹnjinníà iná mànàmáná. Nígbà tí ó kan IT rẹ̀, ọmọ yìí kọ lẹ́tà kiri, ó sì rí ibì kan gbà ní Kaduna tí wọ́n ti ń tún tiransfọ́mà ṣe. Wọ́n ní kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ò ní san kọ́bọ̀. Kò burú, iṣẹ́ ló fẹ́ kọ́. Yàrá ńkọ́? Oúnjẹ ńkọ́? Ìyá rẹ̀ jókòó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé bí òun bá ta gbogbo ata tó wà ní Farin Gada, kò ní tó o. Ojú sì ń tì í láti wá sọ fún ẹgbẹ́, torí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a dá owó ilé ìwé ọmọ náà ni. Ni ọmọ bá jókòó sí Jos. Ibi tó rí ni ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe fọtokọ́pì tí wọ́n sì ń tẹ ìwé. Ọ̀gá ibẹ̀ gbà láti máa fọwọ́ sí logbook rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, a ti ń sọ̀rọ̀ àwọ̀ aṣọ, bóyá búlúù ni tàbí àwọ̀ wáìnì, ni ìyá yẹn bá ní kí ẹgbẹ́ jọ̀ọ́ kí ọmọ òun sọ gbólóhùn kan. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Alága ní kó dìde. Ó ní:

“Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Ẹ ṣeun owó ilé ìwé mi. Àmọ́ oṣù mẹ́fà ni mo fi dúró ti ẹ̀rọ fọtokọ́pì. Ohun tó wà nínú logbook mi, inú ti ọ̀rẹ́ mi ni mo ti wò ó kọ. Mo ti fẹ́ parí ilé ìwé, mi ò tíì fọwọ́ kan tiransfọ́mà rí. Àbúrò mi ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kó má rí bíi tèmi.”

Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá kan tó ti ń ṣiṣẹ́ iná láti ìgbà tí a ti wà ní ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ní, “Ọmọ mi, a dúpẹ́ pé o ò fọwọ́ kàn án.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé kí ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe kí èèyàn tó sún mọ́ ọn? Ọmọ dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, pé wọ́n á pa iná, wọ́n á tì í pa kí ẹlòmíì má bàa tàn án, wọ́n á wò ó bóyá iná ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á so wáyà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Bàbá ní ó gbà á. Ó ní, “Kí lo máa fi wò ó bóyá iná ṣì wà?” Ọmọ dárúkọ rẹ̀. Bàbá ní, “O ti dì í mú rí?” Ọmọ ní rárá.

Bàbá yẹn wá yíjú sí wa. Ó ní ẹ̀yin èèyàn, ọdún méjì sí i, wọ́n á fún ọmọ yìí ní ìwé pé ẹnjinníà ni. Wọ́n á rán an lọ síbi iná ńlá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni iná ńlá máa ń kọ́ èèyàn. Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ búlúù tàbí wáìnì lọ́jọ́ yẹn.

A gbọ́ pé ọmọ náà ti ń tẹ̀ lé bàbá yìí lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé báyìí. Ìgbà mẹ́rin ló ti lọ. Ìyá rẹ̀ ní bó bá dé, kì í fẹ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ kíá, ó fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i.

Àwọn kan ní ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa, kí la lè ṣe tí yóò hàn? Ẹ rántí ẹ̀rọ tó ń gé Irish lọ́dún tó kọjá. Ọmọ mẹ́rin tó ń kọ́ ẹnjinníà ẹ̀rọ ló ṣe é fún pírójẹ́ẹ̀tì ìparí wọn, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ wa. Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ mìíràn, owó ni wọ́n á kó jọ fún ẹni tó ń ta pírójẹ́ẹ̀tì, onítọ̀hún á kun ẹ̀rọ àtijọ́ ní ọ̀dà tuntun, wọ́n á gbé e síwájú olùkọ́, ó parí. Àwọn ọmọ yìí ní àwọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ wa mọ̀ pé nígbà tí Irish bá jáde tán ní Plateau yìí, tí òjò bá ń pa á, àpò àpò ló ń jẹrà lọ́jà torí kò síbi tútù tí a lè kó o sí. Ó ní bí èèyàn bá lè gé e wẹ́wẹ́ kíákíá, ó lè sá a tàbí kó dín in, kò ní ṣòfò.

Owó tí ẹgbẹ́ mú sílẹ̀ fún un ò ju 60,000 náírà lọ. Ohun tó kù, ọjà ló fún un. Ẹni tó ń ta irin fún wọn ní àwọn àjákù angle iron. Ìyá kan tó ń lọ ata fún wọn ní mọ́tò àtijọ́ tó ti bọ́ lára ẹ̀rọ rẹ̀, one horsepower. Àwa tí a ń ta bẹ́líìtì àti bearing mú ìkan ìkan kalẹ̀. Bàbá jórinjórin kan ní Katako yọ̀ǹda igun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ Sátidé.

Ibẹ̀ ni a ti wá rí ohun tí kíláàsì ò lè fún wọn. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin dúdú jó páànù stainless tí Irish máa gbà kọjá. Bàbá gbá ọ̀kan lọ́wọ́. Ó ní ojú ibẹ̀ máa dípẹtà, oúnjẹ sì ni wọ́n fẹ́ fi gé, pé stainless ní ọ̀pá tirẹ̀. Ó wọ́n ju èyí tí wọ́n rà lọ. Ibẹ̀ ni apá kan nínú 60,000 yẹn lọ.

Ọjọ́ kejì, wọ́n so ọ̀bẹ tààrà mọ́ mọ́tò. Mọ́tò yẹn ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ju Irish sí i, Irish fò jáde bí òkò, ó ba ìgò pọ́mpù ẹnì kan jẹ́. A ní kí wọ́n fi púlì kékeré sórí mọ́tò, kí wọ́n fi ńlá sórí ọ̀pá ọ̀bẹ: ínṣì 3 níbí, ínṣì 9 lọ́hùn-ún. Eré rẹ̀ wá já sílẹ̀ sí ìdá mẹ́ta, 480. Ọmọ wa ní àwọn ti kọ́ ọ, ó tiẹ̀ kọ ìṣirò rẹ̀ fún wa lórí páálí bẹ́líìtì. Lóòótọ́, ó kọ́ ọ. Àwa ò mọ ìṣirò yẹn, àmọ́ òun náà ò tíì mọ bí bẹ́líìtì ṣe ń ké tó bá dẹ̀ jù. Àwa méjèèjì jàǹfààní ara wa lọ́jọ́ yẹn. Páálí náà ṣì wà lára ògiri ìsọ̀ wa.

Lẹ́yìn èyí, Irish tí wọ́n gé bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú kí wọ́n tó gé ìdajì àpò. Ìyá tó ń dín Irish lẹ́bàá ọ̀nà ló wo wọ́n títí, ó ní ṣé wọn ò ní ìyá nílé ni? Ó ní kí wọ́n gbé abọ́ omi iyọ̀ sábẹ́ ibi tó ń jábọ́ sí. Ó parí. Ìyá yẹn ò ka ìwé mẹ́fà.

Ẹ̀rọ náà ò pé o, a ò ní purọ́. Títí dòní, ó ń gé apá kan nípọn, ó ń gé apá kejì ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àmọ́ ìyá adínrish yẹn ń lò ó lójoojúmọ́ tí iná bá wà. Nígbà tí àwọn olùkọ́ bi ọmọ wa léèrè, kò sí èyí tí kò lè dáhùn, torí gbogbo ibi tó ti bà jẹ́ ló mọ̀.

Ní ti àtakò tí ẹ mú wá. Ẹnì kan ní iṣẹ́ ìjọba ni. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ìjọba ni, kí ìjọba ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ IT lóṣù tó ń bọ̀ ò lè dúró dìgbà tí wọ́n bá fi kún 2,500.

Ẹlòmíì ní NELFUND ti wà. A dúpẹ́ pé ó wà. Ọdún 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin rẹ̀, ó ń san owó ilé ìwé tààrà fún ilé ìwé, ọmọ sì lè gba 20,000 náírà lóṣù fún oúnjẹ àti ìnáwó rẹ̀, kò sí èlé lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín kọ ọ́, ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó wá bá akọ̀wé. Àmọ́ gbèsè ni, wọ́n máa san án padà, àwọn òbí kan ò sì fẹ́ kí ọmọ ti inú gbèsè bẹ̀rẹ̀ ayé. Ẹni tó bá sì gbà á pàápàá, 20,000 yẹn ò lè gba yàrá ní Kaduna kó tún wọ ọkọ̀ kó tún jẹun. Tí tiwa bá kún un, ó di nǹkan.

Ẹ̀kẹta ló le jù, pé ọmọ ta ni? Ṣé kì í ṣe ọmọ àwọn olóyè ẹgbẹ́ nìkan ló máa gbà á? Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí olóyè kankan má sí lára àwọn tó máa yan ọmọ. Tísà wa tó ti fẹ̀yìn tì, bàbá oníná yẹn àti ìyá kan láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni wọ́n máa yàn. Oṣooṣù ni wọ́n máa san owó, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Kí ọmọ tó gba ti oṣù kejì, yóò fi logbook oṣù àkọ́kọ́ hàn wọ́n, ẹni tó bá wà lọ́nà jíjìn yóò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ tó bá lọ jókòó ti fọtokọ́pì ò ní gbà. Àwọn kan ní báwo ni àwa ọlọ́jà ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọmọ kọ? Bàbá oníná ní kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun, pé ìbéèrè mẹ́ta péré.

Ọmọ 9 ló ti mú lẹ́tà wá. Márùn-ún ni owó lè ká, bí gbogbo wa bá san. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ yunifásítì tó ń lọ sí ìlú mìíràn, 20,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà, 360,000. Ọmọ poli kan náà ń lọ sí ìlú mìíràn fún oṣù mẹ́rin, 80,000. Ẹ̀karùn-ún ń lọ sí Vom, ibi ìwádìí àrùn ẹran tó ti wà láti 1924. Ilé ló ti máa máa lọ, 10,000 lóṣù fún ọkọ̀, 60,000. Ìyẹn jẹ́ 500,000. 100,000 tó kù, bàtà, aṣọ iṣẹ́ àti irinṣẹ́ ni a máa fi rà, irinṣẹ́ náà yóò padà wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ fún àwọn tó kàn. Àwa 120 ni a wà nínú ìwé. Ènìyàn 74 ló ti san títí di àná, 370,000. Ẹ̀yin 46 tó kù, ẹ mọ ara yín.

Ọmọ mẹ́rin tó ṣẹ́kù ni a fi ń bẹ ẹ̀yin tó wà níta Jos. Méjì ní lẹ́tà sí Kaduna, ọ̀kan sí Abuja, ọ̀kan sí Port Harcourt. Ilé iṣẹ́ ti gbà wọ́n, ibi tí wọ́n máa sùn ni kò sí. Ẹni tó bá ní yàrá kan tó ṣófo, tàbí tó lè gba ọmọ mọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kó jọ̀ọ́ kó bá akọ̀wé sọ̀rọ̀. Ọmọ Abuja àti ọ̀kan nínú ti Kaduna jẹ́ obìnrin, ilé tí ìyàwó wà ni a ń wá fún wọn. A ó mú òbí wọn wá bá yín sọ̀rọ̀, oúnjẹ wọn náà, a ó rí nǹkan ṣe sí i. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni ọmọ Port Harcourt gbọ́dọ̀ wọlé síbi iṣẹ́, tirẹ̀ ló ká wa lára jù, torí ó jìnnà, kò sì mọ ẹnì kankan níbẹ̀.

Ní ti owó, akápò wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àfi ọ̀sán Jímọ̀ tó máa ń lọ kírun. Ẹ má fi owó rán ọmọdé. Ẹ gba rìsíìtì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.